Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Òǹkà ní Ìlú Tí Kò Mọ Èènì

Ẹ̀yin ará Adigbe, ẹ kú ilé o. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, báwo ni Jámánì ṣe rí? Ṣé lóòótọ́ ni pé ilẹ̀ wọn mọ́ tó èyí téèyàn lè jẹun lórí ẹ̀? Ṣé o rí yìnyín?" Ẹnu ti ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí èmi náà ráyè fọ aṣọ ọmọ mi.

Mo rí yìnyín. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da gààrí funfun sílẹ̀ káàkiri ìlú, àmọ́ kò ṣeé mu. Ìlú tí gààrí ti kún ilẹ̀ tí kò ṣeé mu, kí lẹ fẹ́ kí n fi yìn ín?

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Iléeṣẹ́ ìpanu ṣínṣín tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kọ́bapẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun. Bẹ́líìtì gígùn ni. Ṣínṣín inú ọ̀rá kéékèèké á máa gorí ẹ̀ lọ ní títò, ojú iná kan á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bí wọ́n bá ti pé méjìlá, ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí, gbogbo wọn á sì já sínú àpò. Ẹni tó ń ka méjìlá náà ni mo lọ kọ́. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, kò tó ìwé orin ìjọ wa ní títóbi, tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Àwọn tó ṣe é ń pè é ní káńtà. Èmi ń pè é ní Òǹkà.

Òǹkà ò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ: irú iná tí yóò máa retí, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò dúró sí, ohun tí yóò ṣe tó bá débẹ̀. Ọkùnrin tó yẹ kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ti bá iléeṣẹ́ mìíràn lọ kí ẹ̀rọ náà tó gúnlẹ̀. Èmi ni mo kù tí mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ látìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama. Ọ̀gá wa, Alàgbà Ṣógbèsan, sì ní èmi ni kí n lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ẹyọ kan lọ. Mọrẹ́nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bàbá ẹ̀ ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ojú títì ló ń gbé. Màmá mi ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Àdéhùn tí mo bá Ọ̀gá ṣe rèé: bí mo bá yege ìdánwò wọn, mò ń bọ̀ wálé. Bí n kò bá yege, màá dúró de kíláàsì mìíràn, kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ wí fún mi, báwo ni ìrántí ẹ̀ ṣe gùn tó?

Ìgúnlẹ̀

Obìnrin tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀ tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ kí i. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó pariwo! Ó gbá mi lápá mú.

"Ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́? Ṣé kí n pe dókítà?"

Mo ní, "Rárá mà. Mò ń kí yín ni."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Kí lo sọ nù síbẹ̀?"

Mo dìde. Ó ní kí n má pe òun ní mà, pé Ẹ́líkè ni orúkọ òun, pé Ẹ́líkè náà ni kí n máa pè é. Kí n máa la orúkọ mọ́ ẹni tó tó ìyá mi lórí! Mo sọ ọ́ di Màmá Ẹ́líkè. Ó ronú sí i, ó ní òun ò ní ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ẹ́líkè.

Èmi tí mo ti ojú ọ̀run bọ́ sílẹ̀, kò sí "ẹ kú ìrìn", kò sí omi tútù. Àpótí ìdọ̀tí mẹ́rin ló kọ́kọ́ mú mi lọ wò. Èyí fún bébà, èyí fún ọ̀rá, èyí fún èépá èso, èyí fún ohun tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìhìn rere fún kèfèrí. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti mọ ibi tí ìdọ̀tí ń sùn ni mo tó mọ ibi tí èmi náà máa sùn.

Oúnjẹ

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lówó, ebi ló ń pa wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ tí àwa ń gbé omi ọbẹ̀ kaná, ní tiwọn, wọ́n á mú búrẹ́dì tútù, búrẹ́dì dúdú tó le bí ìdí odó, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ́ ẹran tútù lé e, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì gé búrẹ́dì jẹ. Ó tán. Kò sí èéfín, kò sí ìtasánsán kankan. Ilé tí wọ́n ti ń jẹun ò yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀.

Mo gbé láfún lọ, mo gbé ata gígún lọ, mo sì di irú mọ́ inú ọ̀rá mẹ́ta kó má baà rùn. Ọjọ́ tí mo tú irú náà, Màmá Ẹ́líkè ti yàrá ẹ̀ sáré jáde.

"Kí ló kú sílé ìdáná?"

"Irú ni mà. Fún ọbẹ̀."

Ó ṣí fèrèsé, òtútù wọlé bí olè. Ẹ wá wo ohun tó ń bẹ nínú fíríìjì òun alára: wàrà tó ti bu, tí èébu ẹ̀ ti di àwọ̀ búlúù, tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ awakọ̀ sìmẹ́ńtì. Ìyàwó awakọ̀ sìmẹ́ńtì ni mí, mo mọ ìbọ̀sẹ̀ tí mò ń wí. Wàrà yẹn ló máa ń gbé sórí àwo kékeré fún àlejò pàtàkì. Ó fi lọ̀ mí. Mo ní inú mi ń run mí. Irú tèmi la fi síta, níbi tí wọ́n ń gbé òdòdó sí, wàrà rẹ̀ ló jókòó nínú ilé.

Ìwà àwọn èèyàn ibẹ̀

Wọn kì í kí èèyàn. Ẹ máa wọ ọkọ̀, èèyàn á kún un, kò ní sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ẹ máa rò pé òkú ni wọ́n ń gbé lọ sin. Mo kí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, "Ẹ káàárọ̀ o," ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan kó báàgì ẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá mi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè, ìbáwí ni. Mo fẹ́ sọdá títì. Kò sí mọ́tò lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, ewúrẹ́ gan-an ò sí níbẹ̀. Mo sọdá. Bàbá arúgbó kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nawọ́ sí mi, ó ń bú mi lédè ẹ̀, ojú ẹ̀ pupa. Iná tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ló ní kí a dúró. Ẹ wo àgbàlagbà tó dúró nínú òtútù, tó ń tẹríba fún gílóòbù!

Àmọ́ ti eléso ni mi ò ní gbàgbé. Mo lọ ra ápù lọ́jà wọn. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n, ó dà á sínú ọ̀rá fún mi. Mo la ọ̀rá mi sílẹ̀, mo ń retí.

Ó ní, "Kí ló tún kù?"

Mo ní, "Ẹ fi èènì sí i."

Kò yé e. Mo ní, "Ohun tí ẹ máa ń fi lé e, nítorí pé mo rajà lọ́wọ́ yín."

Ó gba ọ̀rá padà. Inú mi dùn. Mo ní ọkùnrin yìí ṣèèyàn. Ó tún un wọ̀n, ó rí i pé ó fi díẹ̀ lé ní ohun tí mo béèrè, ó sì yọ ápù kan kúrò, ó dá a padà sórí àtẹ ẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ kí òun rí àṣìṣe náà.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Ẹ̀yin ará ilé, ibi tí mo ti bá wọn parí nìyẹn.

Kíláàsì

Dítà ni orúkọ olùkọ́ wa, ọkùnrin gíga, tó máa ń wo aago bí ẹni tí aago jẹ ní gbèsè. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ṣàlàyé, àlàyé ẹ̀ á wọlé. Àmọ́ bí aago ìparí bá lù nígbà tí ó wà láàárín gbólóhùn, á pa ìyókù dé di ọ̀la.

Ó kọ́ wa bí a ṣe ń to Òǹkà. Èèyàn á sọ fún un pé òkè ni kó máa kà lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Á fún un ní iye tó bá dé tí yóò ṣí ilẹ̀kùn. Á fún un ní asẹ́, nítorí pé ẹrù a máa gbọ̀n lórí bẹ́líìtì, ojú iná á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, Òǹkà tí kò ní asẹ́ á sì ka ẹyọ kan ní méjì. Dítà wá ní:

"Òǹkà yìí ní géètì. Bí ẹ bá to gbogbo nǹkan tí ẹ kò ṣí géètì, ẹrù lè kọjá níwájú ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní ka ẹyọ kan. Ó ń rí wọn o. Kò kàn ní kà wọ́n ni."

Mo ní nínú mi pé, àbájọ. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é ní àwòrán ara yín.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń pe ilé lórí fóònù kí n lè rí ojú ọmọ mi. Níbẹ̀rẹ̀ á máa lá fóònù, á máa wá ọmú lẹ́yìn ẹ̀. Èmi àti màmá mi á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà màá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. Nígbà tó yá, kò wá ọmú mọ́. Á wò mí bí ẹni tó ń wo ìròyìn. Lọ́jọ́ kan ó yí padà, ó dì mọ́ ọrùn màmá mi, ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ àkàrà."

Màmá mi ní, "Èmi kọ́ ni Mọ́mì, wò ó níbẹ̀ yẹn."

Ọmọ ò wò mí.

Ìdánwò dé. Wọ́n fún oníkálukú ní tábìlì tirẹ̀, Òǹkà kan, kọ̀ǹpútà kan, àti kẹ̀kẹ́ irin kékeré tó ń yí, tó ní eyín yíká. Kí Òǹkà ka eyín náà, kó tan iná nígbà tó bá pé. Mo to gbogbo ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kẹ̀kẹ́ ń yí, ojú iná ń ṣẹ́jú, òdo ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Òdo, kò kúrò lórí òdo.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wo asẹ́, ó pé. Mo wo òkè àti ìsàlẹ̀, ó pé. Mo tú wáyà, mo tún un so. Dítà kọjá lẹ́yìn mi, ó wo òdo mi, ó wo aago. Mo ń rí Mọrẹ́nikẹ́, mo ń rí kíláàsì mìíràn, mo ń rí ọmọ tó máa pè mí ní àǹtí. Ojú mi wá bọ́ sórí fèrèsé. Ọkùnrin kan dúró níta nínú òtútù, ó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà ilé tó kọjú sí wa, àwọn tó wà nínú ilé náà ń wò ó láti inú gíláàsì, ó ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó dìde torí pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Géètì! N kò ṣí géètì!

Mo ṣí i. Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ọmọ tí wọ́n sọ pé kó lọ ṣeré. Iná tàn. Mo pariwo "Olúwa ṣeun!" gbogbo kíláàsì sì yíjú sí mi bí ẹni tó ya wèrè. Dítà wá wò ó. Ó ní, "Gúùtù." Ìyẹn ni pé ó dára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ọjọ́ tí mo yege girama, àdúgbò mi jó dé ojú títì.

Ilé

Mo wọ Adigbe ní ọ̀sán gangan. Oòrùn fún mi lábàrá, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ tún mi gbá." Àwọn ará ilé tú jáde: ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu, ṣé àlàáfíà lẹ dé. Omi tútù ti wà nínú ife kí n tó sọ báàgì kalẹ̀. Màmá mi mú ọmọ jáde. Ó ti ga. Wọ́n ti di irun ẹ̀.

Mo nawọ́. Ó sá sẹ́yìn ìró màmá mi.

"Mọ́mì ẹ nìyí, Mọrẹ́. Lọ dì mọ́ ọn."

Ó yọ ojú kan, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Mọ́mì wà nínú fóònù."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín síta. Ẹni tó bá ti bímọ rí mọ irú ẹ̀rín tí mo rín.

Ọjọ́ tí ọjọ́ ìsinmi mi parí, mo gba Kọ́bapẹ́ lọ. Mo to Òǹkà wa, mo fi í sí méjìlá, mo sì ṣí géètì. Ẹ̀rọ ń rìn bí omi odò. Màmá Súlíà, olórí àwọn obìnrin tó ń di àpò lẹ́nu bẹ́líìtì, gbé mi yípo. "Ọmọ wa ti gba ọgbọ́n òyìnbó!" Ọgbọ́n náà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò padà. Ẹnìkan ní mọ́kànlá ló wà nínú tòun. Òmíràn ní tòun pé, àmọ́ kí ló dé tí kò sí èènì? Wọ́n ń bú iléeṣẹ́ wa lẹ́nu géètì.

Alàgbà Ṣógbèsan pè mí. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyí? O padà lọ kọ́ ọ dáadáa. Mo ti fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa kíláàsì tó ń bọ̀."

Kí n tún padà? Ọmọ tí kò tíì jẹ́ kí n gbé òun? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀. Mo pe Dítà lórí fóònù, mo fi gbogbo ìtò mi hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ pé. Òǹkà kì í ṣì kà," ló wí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè tún wò?" Aago ìparí wọn lù. Ẹ mọ ìyókù.

Mo wá lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì, mo ń wò. Méjìlá já sínú àpò. Màmá Súlíà di ẹnu àpò mú, ó yọjú wo ẹni tó ni ín. Oníbàárà àtijọ́ ni. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sórí bẹ́líìtì, láàárín ojú iná àti ilẹ̀kùn, ó mú ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó so ó. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ náà mọ̀nà fúnra ẹ̀.

"Màmá! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe? Mo fi èènì sí i fún ìyàwó ará Ṣágámù yẹn ni."

"Òǹkà ti ka ẹyọ yẹn kí ẹ tó mú un. Àpò tó tẹ̀ lé e lẹ ti yọ ọ́. Mọ́kànlá ló máa jẹ́."

"Ṣé mo jí i ni? Gbangba ni mo ti mú un."

"Ẹni tó kàn ńkọ́?"

"Ká fi èènì tiẹ̀ sí i, kó pé."

"Tó bá pé, kò tíì gba èènì nìyẹn!"

Ó wo ojú iná. "Òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yìí, kò ra nǹkan lọ́jà rí ni?"

Mo ní, "Ó ń rà á. Mo ti bá wọn rà á."

Mo kọ́kọ́ gbé Òǹkà sí mẹ́tàlá, kí èènì máa ti inú ẹ̀rọ bọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà wí. Wọ́n ní a dúpẹ́ fún mẹ́tàlá, èènì dà? Màmá Súlíà náà ní òun ò bá wọn wí. "Èènì tí ẹ̀rọ kà, èènì kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ èèyàn ni èènì ti ń wá, kí ẹni tó gbà á mọ̀ pé wọ́n rí òun."

Mo dá Òǹkà padà sí méjìlá. Mo wá gbé agbọ̀n kan sí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́líìtì, kí ẹrù tó dé iwájú ojú iná, ibẹ̀ ni a ti ń bu ti èènì sílẹ̀ fún Màmá Súlíà. Òǹkà ò rí i, kò sì kàn án. Ariwo ẹnu géètì rọlẹ̀. Alàgbà Ṣógbèsan wá wo agbọ̀n, ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n. Ó ní, "Gbogbo owó ọkọ̀ òfuurufú yẹn, agbọ̀n ló parí ẹ̀?" Ó yí padà láti máa lọ. "Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan mọ́. Jókòó ti ọmọ rẹ."

Màmá Súlíà ti gbọ́ ọ. Ó bu ṣínṣín méjì láti inú agbọ̀n, ó kì í bọ báàgì mi. "Gbé e fún Mọrẹ́nikẹ́."

Mo bá òun àti màmá mi lórí ẹní níwájú ilé. Láti ìgbà tí mo ti dé, bí mo bá fún ọmọ náà ní nǹkan, ọwọ́ màmá mi ló ti ń gbà á. Mo tú ọ̀rá kan, mo jókòó sílẹ̀, n kò pè é. Ó wò mí. Ó wo ṣínṣín. Ó fi ìdí wọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú mi, mo sì bu díẹ̀ sí i. Ó jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé á sá padà sẹ́yìn ìró.

Àárọ̀ gbogbo ni màmá mi ti ń mú un lọ ra àkàrà nígbà tí n kò sí nílé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rajà. Ó gun orí itan mi, ó jókòó dáadáa, ó na ọwọ́ kejì.

"Mọ́mì, èènì ńkọ́?"